Kágò Kí Ọwọ́ Tó Kàn Án

Ní Samtredia, lẹ́bàá odò Rioni,
lókè ilé ìfìwéránṣẹ́ tí òrùlé rẹ̀ ń jò,
Nestan jókòó ti kọ̀ǹpútà, kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀,
ó ń kọ́ kóòdù kan ní ìwà ọmọlúàbí:
pé a kì í já wọ ilé onílé.
"Kó o tó yí ohunkóhun padà, kágò.
Bi àkọsílẹ̀ náà: ṣé o ṣe é yí padà?
Bó bá ní Òótọ́, wọlé, kọ ohun tó o bá wá.
Bó bá ní Irọ́, ki ọwọ́ bàpò, máa bọ̀."

Ó nídìí.
Ẹni tó jókòó sórí àga yìí ṣáájú rẹ̀
kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.
Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, kóòdù rẹ̀ wọlé
bí ewúrẹ́ tó rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀.
Kílẹ̀ tó mọ́, òkú kan ti di onílẹ̀ pápá iléèwé,
opó kan sì jí, ó bá gbèsè owó orí lọ́rùn
lórí ibùdó ọkọ̀ ojú irin.
Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni wọ́n fi tún un ṣe. Pẹ́ńsù ni wọ́n lò.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó jọ tábìlì ni tábìlì.
Òmíràn, fèrèsé lásán ni:
o rí yàrá, o rí àga, o rí ẹni tó ń jẹun,
ṣùgbọ́n gíláàsì ni ọwọ́ rẹ máa bá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ambrosi dé,
ẹrẹ̀ ní bàtà, àpò àwúsá ilẹ̀ wọn lábẹ́ apá.
"Ọmọ mi, odò ti jẹ mí.
Poro àjàrà mẹ́rìnlá ni mo fi wọ ọdún yìí,
mẹ́jọ ló kù. Ìwé yín ṣì ń ka mẹ́rìnlá.
Owó orí ilẹ̀ ẹja ni mò ń san."

Nestan rẹ́rìn-ín, ó tẹ nọ́ńbà ilẹ̀ náà.
Kóòdù kágò.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yọ sójú gíláàsì:
IRỌ́.

Bàbá kà á. Ó tún un kà. Ojú rẹ̀ pọ́n.
"Èmi? Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin?
Gbé ẹ̀rọ yẹn, kó bá mi dé etí omi,
kó wá sọ fún omi pé irọ́ ló ń pa!"

Báwo ni ó ṣe fẹ́ ṣàlàyé?
Pé fèrèsé ni wọ́n jọ ń wò,
pé ilé gan-an wà ní Tbilisi,
lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Lamara
tí kì í sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì?
Àwúsá ti ń yí kiri lórí tábìlì;
méjì ti bọ́ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó mọ̀ pé bí òun bá pa ìlà kan ṣoṣo rẹ́ nínú kóòdù,
ilẹ̀kùn á fà ya.
Ìka rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì náà, ó pẹ́ díẹ̀.
Ó rántí opó.
Ó gbé ìka kúrò.

Ó wá kọ́ kóòdù ní ọ̀rọ̀ mìíràn.
"Bí wọ́n bá kọ̀ fún ọ, má pe ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá ní òpùrọ́.
Sọ pé: a ò lè yí i níhìn-ín.
Sọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Sọ yàrá rẹ̀. Sọ ọjọ́ tí a kì í bá a."
Ambrosi gba bébà náà,
ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sínú fìlà,
kò dágbére.

Lóru, òjò rọ̀ lórí àwọn òkè.
Rioni gbé ẹsẹ̀ kan sí i wọ inú oko,
kò kágò,
poro kẹjọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fì.